Omi tí Ìyá Mitra Dà Sílẹ̀ fún Rangel

Nígbà ìpolongo ìbò, Rangel tó ń tún katakata ṣe mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó gun àga níwájú ilé ọtí, ife ọtí rakíà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣáà fi òun ṣe olórí abúlé, omi ẹ̀rọ yóò dé Àdúgbò Òkè kí èso ṣẹ́rì tó pọ́n.

"Mo lẹ́ni nílùú," ló wí. "Ìpè kan péré ni."

Wọ́n dìbò fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, Ìyá Mitra, opó ẹni ọgọ́rin ọdún láti Àdúgbò Òkè, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé Rangel pẹ̀lú ìkòkò bàbà tó ki òdòdó bọ̀ lẹ́nu. Ó da omi inú rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Rangel, bí wọ́n ti ń ṣe fún ẹni tó ń bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ tuntun. Ẹni tó da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Rangel tẹ̀ ẹ́ kọjá tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò bi í níbi tó ti pọn ọ́n.

Àṣé ẹnu dùn-ún-ròfọ́. Ẹni tó ní òun ní nílùú, ọmọ iléèwé rẹ̀ àtijọ́ kan ni, tí kò tiẹ̀ rántí orúkọ Rangel mọ́. Ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ní kó kọ̀wé, ó kọ ọ́. Wọ́n ní kó mú àwòrán ilẹ̀ wá, ó mú un wá. Wọ́n ní abúlé mẹ́rìndínlógún ló wà níwájú tirẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tó bá sì ń lọ bẹ̀bẹ̀, Ìyá Mitra á ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò. Ṣẹ́rì pọ́n, ó sì tán lórí igi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á mọ́."

"Ṣé gbígbẹ lo fẹ́ kí ọ̀nà rẹ gbẹ ni? Máa lọ, ọmọ mi."

Desha ìyàwó rẹ̀ ló là á lójú. "Ìsun ìsàlẹ̀ ló ti ń pọn ọ́n gòkè. Omi ọbẹ̀ rẹ̀ ló ń dà fún ọ yẹn. Lọ́jọ́ tó bá dà á, búrẹ́dì gbígbẹ ló ń jẹ."

Ojú ti Rangel, oorun dá lójú rẹ̀. Nígbà tó tún ń lọ sílùú, ẹ̀yìnkùlé ló gbà, ó fo ògiri bí olè. Wọ́n ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tó délé lọ́sàn-án, ó bá òdòdó nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti rọ. Ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni tó jáde níbẹ̀ ni ìyá àgbà da omi sí.

Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú kì í wá nígbà téèyàn bá ń wá a. Rangel gbé garawa méjì, ó lọ pọn omi nísun, ó sì gba iwájú ilé ọtí gòkè.

"Olórí abúlé," Gencho alápatà pè é, "ṣé ìbò tún ti dé ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà ìpolongo ni Rangel gun òkè náà kẹ́yìn.

Ó gbé omi kalẹ̀ níwájú Ìyá Mitra. "Màmá, mi ò lẹ́nì kankan nílùú. Irọ́ ni mo pa."

"Ta lò ń sọ fún? Gbogbo wa la mọ̀ kó o tó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga."

Ó bu omi kún ìkòkò bàbà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

"Tọjọ́ tó o bá tún ń lọ nìyí," ó wí. "Àmọ́ iwájú ilé ni kó o gbà jáde. Mo rí ẹ lórí ògiri."