Mo San Owó Ẹ̀kọ́ Adìyẹ Díndín Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nítorí adìyẹ díndín. Ó ti rẹ̀ mí, àmọ́ bí n kò bá sọ ọ́, kò ní kúrò lọ́kàn mi.

Ṣé ẹ rántí pé mo fẹ́ fi aṣọ títà sílẹ̀? Ilé iṣẹ́ kan láti Kútọnu ń fún èèyàn láyè láti fi orúkọ ilé iṣẹ́ náà ṣí ṣọ́ọ̀bù adìyẹ. Mo gba ṣọ́ọ̀bù sí àdúgbò Lazaret ní Niamey níbí, mo kùn ún ní pupa àti funfun bí wọ́n ṣe fẹ́. Ó wá ku ẹ̀kọ́ iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní fọ́másíọ̀n. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ló ń san án. Háà, owó yẹn ga mí lára! Gbogbo aṣọ tó kù lọ́jà mi ló bá a lọ.

Ìwé tí wọ́n fún mi, Faransé ni látòkè délẹ̀. Èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kí ni mo mọ̀ ju "bọ́ńjúù" lọ? Ni mo bá bẹ àbúrò ọkọ mi pé kó lọ kọ́ ọ dípò mi. Àdúgbò Banifandou ní Niamey níbí ni wọ́n bí i sí, ó gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà, Àǹtí ni mo ń pè é, bó tilẹ̀ kéré sí mi.

Àǹtí lọ, ó yege. Kí a tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó lọ́kọ sí Maradi, ìlú tó jìnnà réré sí Niamey! Ṣé kí n ní kó má lọ ilé ọkọ nítorí adìyẹ ni? Èmi gan-an ni mo se oúnjẹ ìgbéyàwó.

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà wá sọ fún mi pé ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ló ni ìwé ẹ̀rí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Bí n kò bá lọ kọ́ ọ fúnra mi, n kò lè ṣílẹ̀kùn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò dín kọ́bọ̀. Mo lọ yáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, mo san owó ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, kí wọ́n má baà fi Faransé bi mí ní nǹkan. Olùkọ́ dé, ó gbé adìyẹ sílẹ̀, ó lanu, Hausa ló ń sọ! Hausa tí mo fi ń tajà láti ọjọ́ tí mo ti dé Niamey! Mo bi ẹni tó jókòó tì mí bóyá nítorí tèmi ni. Ó ní rárá o, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kọ́ ọ, inú ìwé nìkan ni Faransé wà. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde.

Mo pe Àǹtí lórí fóònù, mo bi í bóyá Hausa ni wọ́n fi kọ́ òun náà.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó wa. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

Mo ní kó bá mi kí ọkọ rẹ̀, mo sì pa fóònù.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Mo mọ òwe yẹn, mo sì máa ń fi bá àwọn ọmọ mi wí! Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó sanwó nítorí ohun tó ń bà yín lẹ́rù, ẹ kọ́kọ́ débẹ̀ kí ẹ béèrè.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ni ẹ̀rù ti mú yín san lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, kí n mọ̀ pé n kò dá wà. Ṣọ́ọ̀bù ti ṣí o. Àmọ́ gbogbo adìyẹ tí mo ń dín báyìí, ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ ló ń gba owó rẹ̀.