Ipa Taya Lórí Ilẹ̀ Tútù

Ìyá mi búra lójú gbogbo wa pé òun ò ní gun máṣíìnì bàbá mi mọ́ láyé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o. Ọ̀nà Rore ni oko iṣu rẹ̀ wà, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn bàbá mi ló ti máa ń jókòó láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, tí yóò di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú, tí yóò sì máa sọ̀rọ̀ sí i létí títí dé oko. Bí kò bá gun máṣíìnì, oko parí nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ìyá mi láìsí oko, ta ni yóò lè bá a gbénú ilé?

Ewúrẹ́ kan ló fà á. Wọ́n ń bọ̀ láti Òwu-Ìsin, ewúrẹ́ já lu títì, bàbá mi yà fún un, wọ́n bá ara wọn nínú kòtò. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Èjìká ìyá mi bó, orúnkún bàbá mi họ, ewúrẹ́ bá tiẹ̀ lọ, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọwọ́ máṣíìnì tó wọ́ padà, ó nu ẹrọ̀fọ̀ ara rẹ̀ kúrò, ó ní, "Kò sóhun tó ṣe é."

Ìyá mi wò ó látòkè délẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá wọn. Máṣíìnì ò tíì sọ tiẹ̀."

Èmi tíṣà tí mi ò ní sùúrù, mo ní ó tó, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bá mẹkáníìkì. A gbé e sẹ́yìn mọ́tò akẹ́rù kan, ó di Èsìẹ́, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà ilé ère òkúta. Ìyá mi ní òun náà ń lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

Ọkùnrin náà kò fọwọ́ kan sípánà. Omi ló bù, ó wọ́n ọn sí ilẹ̀ gbalasa iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó dúró kí ilẹ̀ mu ún, ó wá rọra ti máṣíìnì kọjá lórí rẹ̀. Ó ní, "Ẹ bojú wolẹ̀." Máṣíìnì kan ṣoṣo, ipa méjì! Taya iwájú ń lọ lọ́tọ̀, tẹ̀yìn ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi tọkọtaya tó ń bínú síra wọn. Bàbá mi ní bóyá kò dì í mú dáadáa ni.

"Tíṣà," mẹkáníìkì kọjú sí mi, "ṣé ṣọ́ọ̀kì wà nínú báàgì yín?"

Ó wà. Ìgbà wo ni kì í sí? Ó ha ọ̀dà kúrò lọ́rùn férémù, egungun máṣíìnì, níbi tí irin tó di taya iwájú mú ti wọnú rẹ̀. Ó fi kẹrosíìnì pa á, ó fi àkísà nù ún títí ó fi gbẹ, ó wá lọ ṣọ́ọ̀kì mi kúnná, ó fi kùn ún. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wò ó. Funfun ni, funfun ni, àfi bí ìlà dúdú kan ṣe ń yọ jáde díẹ̀díẹ̀, tín-ín-rín bí irun orí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ọrùn irin náà ká. Férémù ti sán, kẹrosíìnì tó wọnú ibi tó sán ló ń rin ṣọ́ọ̀kì. Ohun tí ojú gbogbo wa ò rí, ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń kọ́ ọmọ ní A, B, D ló tú u síta.

"Sùbúhánàlláhì," ni bàbá mi wí. Ó wo ìyá mi, ó sì yára gbójú kúrò.

Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n fi ṣéènì de férémù mọ́ ìdí igi máńgòrò. Wọ́n pe wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, ó fi iná sí ọrùn rẹ̀ títí ó fi pọ́n bí ẹyìn. Mẹkáníìkì ki páìpù gígùn bọ̀ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dúró, ó fi ojú kan wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Irin o! Mo fojú ara mi rí irin tó ń gbọ́ràn. Lẹ́yìn tí wọ́n jó ojú ibi tó sán pọ̀, mo ní ṣé kí n bomi wá kó lè tètè tutù. Mẹkáníìkì pariwo mọ́ mi: "Rárá o! Ẹ jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú bu omi lù ú, ibòmíràn ni yóò tún gbà sán." Mo jókòó jẹ́ẹ́.

Lẹ́yìn ìrun Alásàrí, wọ́n ti tò ó pọ̀. Mẹkáníìkì tún wọ́n omi, ó tún tì í kọjá. Ipa kan! Taya ẹ̀yìn tẹ ibi tí tiwájú tẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo pariwo bí ọmọdé. Ìyá mi dìde, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ilẹ̀ pẹ́.

"Ó gún," ó ní. "Ẹ gùn ún kí n rí i, Bàbá wọn."

Bàbá mi gùn ún. Ipa náà wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ó tún gùn ún, ó burú ju tàkọ́kọ́ lọ. Máṣíìnì kò lẹ́bi mọ́. Ẹ̀rù ló ń ba bàbá mi. N ò rí i kí ẹ̀rù bà á bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ìyá mi tún ìró rẹ̀ ró. "Taya lẹ ń wò," ó ní. "Ojú ọ̀nà lẹ máa ń wò tẹ́lẹ̀."

"Bí mo bá tún gbé ọ ṣubú ńkọ́?" ni bàbá mi bi í.

"Ṣé mo kú níjọ́sí ni? Ẹ sún síwájú, jàre."

Ìyá mi gùn ún sẹ́yìn bàbá mi, ó di etí ẹ̀wù rẹ̀ mú, wọ́n kọjá lórí ilẹ̀ tútù, wọ́n yà sójú títì. Mo sáré lọ wolẹ̀. Ipa kan ṣoṣo ni, ó gún tààrà títí dé etí títì. Nígbà tí mo gbójú sókè, wọ́n ti jìnnà, ìyá mi sì ti tẹ̀ síwájú, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí.