Ọ̀pá Tó Hù Nínú Oko Iṣu

Mo rántí ọdún tí ìyá àwọn ọmọ mi ṣíwọ́ ríru iṣu lọ sí ọjà Tchaourou. Mo bi í, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tú àṣírí fún mi: ilé ọmọ ìyàwó mi ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yọ síta bó bá ti gbé ẹrù. Ọmọ méje ló bí. Ó sì ti búra pé dókítà kankan kò ní yẹ òun wò níbẹ̀.

Èmi tí mo ka ìwé nípa ohun ẹlẹ́mìí ní yunifásítì láyé àtijọ́, mo rò pé àkókò tó láti lo ìmọ̀ mi. Mo lọ bá dókítà obìnrin kan. Ó ní àwọn onímọ̀ ń wá ọ̀nà kan: wọ́n á mú èérún ẹran lára obìnrin tí ilé ọmọ rẹ̀ sọ̀ náà fúnra rẹ̀, wọ́n á gbìn ín sórí àwọ̀n tín-ín-rín, títí yóò fi di ẹran tuntun tí ó lè gbé ilé ọmọ dúró. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Síbẹ̀, mo sáré délé, mo mú ìyàwó mi lọ sídìí ebè, mo gbé ohùn sókè bí olùkọ́ níwájú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́.

"Ẹran yẹn ni iṣu. Àwọ̀n yẹn ni ọ̀pá tí iṣu ń gùn. Ó yé ọ?"

"Bàbá wọn, ọ̀pá yín ti hù."

Lóòótọ́, igi tútù ni mo gé lọ́dún yẹn. Ó ti yọ ewé, ó ń bá iṣu du oúnjẹ, gbogbo abúlé sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

"Bí ti inú obìnrin náà bá hù ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní kó lọ bi dókítà. Ìbínú ló gbé e gun ọ̀kadà. Mo gun òmíràn tẹ̀lé e.

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé bírò sílẹ̀. "Màmá, ohun tó ń dà wọ́n láàmú gan-an nìyẹn. Àwọ̀n náà gbọ́dọ̀ dúró títí ẹran á fi lágbára, kí àwọ̀n ọ̀hún tó yọ́ dànù. Bó bá pẹ́ jù, ara á bá a jà."

Ìyàwó mi yíjú sí mi. "Ẹ gbọ́, yunifásítì?" Ó bọ́ bàtà, ó gun bẹ́ẹ̀dì. "Dókítà, ẹ yẹ̀ mí wò. Ṣùgbọ́n kí eléyìí kọ́kọ́ jáde."

Òrùka rọ́bà ni wọ́n fi gbé ilé ọmọ náà ró, wọ́n sì ní kó yé ru ẹrù wíwúwo. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Lónìí, èmi ni mò ń ru iṣu lọ sí ọjà. Òun ń rìn níwájú, ó ń ju apá. Púpọ̀ nínú ohun tí mo kà ti fò lọ lórí mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń gé ọ̀pá iṣu, mo máa ń kọ́kọ́ fi orúnkún ṣẹ́ ẹ̀ka kan wò, bóyá ó gbẹ.