Iná Kérésì Bàbá Onílé Wa

Bí mo bá ti gbọ́ ohùn tín-ín-rín tó ń jáde lára iná Kérésì, bàbá onílé wa ní Súrùlérè ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Bàbá kì í ra iná láì dán an wò. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí Sábó rí. Wọ́n ní kí ọlọ́jà so okùn iná mọ́ kọntírólà, ìyẹn àpótí kékeré tó ń mú iná ṣẹ́jú.

"So wọ́n pọ̀ ná. Jẹ́ n wò ó bóyá wọ́n á lè bára gbé."

Kọntírólà tó ń kọrin ni Bàbá fẹ́ràn jù. Màmá, ìyàwó wọn, kò lè gbà á. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, Màmá á ké láti yàrá: "Dádì, ẹ pa nǹkan yìí, orí ń fọ́ mi!" Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á pa orin, wọ́n á fi iná sílẹ̀.

Màmá jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí Kérésì dé, Bàbá tún ta iná sí bákónì. Orin kan ṣoṣo náà ń yí po ṣáá láti ìrọ̀lẹ́, kò dákẹ́. Mo gòkè lọ bá wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa pa orin yẹn."

Wọ́n wo ilẹ̀kùn yàrá títí.

"Mo ń retí kí òun fúnra rẹ̀ ké sí mi ni."

Mo jókòó tì wọ́n. A jọ ń gbọ́ orin náà.