Olùkọ́ Tó Ń Tú Íńkì Wò

Olùkọ́ kẹ́mísírì wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, kì í jáde láìmú bébà asẹ́ dání. Àárín Bíbélì ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí kó má bàa ká. Wọ́n á ní, "Kò sí dúdú tó dá dúdú. Àwọ̀ ló para pọ̀."

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ ìṣirò ní mo fi báírò mi sọ máàkì mẹ́rìndínlógún di mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mo ń sunkún nígbà tí Àǹtí wọlé.

"Ẹ kó báírò yín méjèèjì wá."

Wọ́n fi báírò kọ̀ọ̀kan sàmì sórí bébà asẹ́, wọ́n fi íńkì tí wọ́n yọ lára máàkì náà ṣe ẹ̀kẹta, wọ́n wá ti ẹsẹ̀ bébà bọ sípíríìtì. Bí sípíríìtì ṣe ń gòkè ló ń fa íńkì lọ, tí àwọ̀ inú rẹ̀ ń yà síra. Tèmi di búlúù àti píǹkì. Ti olùkọ́ ìṣirò di pọ́pù àti yẹ́lò, ti máàkì náà sì bá a mu régé.

Olùkọ́ ìṣirò di orí mú. "Áà! Èmi ni mo tún un ṣírò, tí mo tún un kọ! Má bínú, ọmọ mi."

Mo fò mọ́ Àǹtí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa. Níbo wá ni máàkì mẹ́rìnlélógún tó kù kó pé ọgọ́rùn-ún wà?"