Sinimá Inú Páálí

Kọ́bọ̀ kan ni kòsáí, àkàrà àwọn Hausa, méjì nígbà náà, ata inú rẹ̀ sì tó láti jí òkú. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa, ẹ ò ní gbàgbé bí òórùn rẹ̀ ṣe máa ń gbé wa dìde lórí ẹní láàárọ̀ ọyẹ́, tí ètè bá ti gbẹ bí awọ. Kúnlé àbúrò mi kì í rà á. Àjákù fíìmù ló ń fi kọ́bọ̀ tirẹ̀ rà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ilé sinimá. Màmá wa, tó ń ta aṣọ lọ́jà Kantin Kwari, á ní, "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àfi inú ọmọ yìí."

Kúnlé á dá páálí mílíìkì lu, á rọ omi sínú gílóòbù tó ti kú, á so ó mọ́ ojú ihò náà. Á wá fi dígí ta oòrùn sí fíìmù láti ojú fèrèsé, àwòrán á sì yọ lára aṣọ funfun nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn. Èmi ni ẹnu. Èmi ni mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mò ń ké "Ku zo! Ku zo!" pé kí wọ́n máa bọ̀, títí ọmọ Hausa, ọmọ Íbò àti àwa Yorùbá á fi kún yàrá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n pariwo pé orí ni àwọn èèyàn inú àwòrán fi ń rìn. Ẹkún gbọ̀n Kúnlé. Mo ní, "Ọ̀dẹ̀, dorí fíìmù kodò!" Ó dorí rẹ̀ kodò, wọ́n bá fẹsẹ̀ rìn.

Àbúrò bàbá wa wá láti Ìbàdàn lọ́dún náà, láti mú ọmọ kan ṣoṣo lọ síléèwé. Mo ti rí ara mi nínú yúnífọ́ọ̀mù. Mo sáré pàdé rẹ̀, mo kúnlẹ̀ dáadáa, àfi bí mo ṣe fi Hausa kí i káàbọ̀: "Sannu da zuwa, Baba! Ina gajiya?" Kúnlé dọ̀bálẹ̀, kò fọhùn. Kí ni ì bá sọ? Yorùbá tirẹ̀ burú ju tèmi lọ.

Àbúrò bàbá wa ní, "Èyí ti di Gàmbàrí pátápátá. Ẹ wo ọmọlúàbí tó dọ̀bálẹ̀ yìí!"

Bàbá wa ò jiyàn. Kúnlé ni wọ́n mú lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi yà, Màmá sì mú mi lọ sí ìsọ̀: "Ẹlẹ́nu kì í febi kú lọ́jà." Mo gbé páálí náà jáde lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Mo pè, wọ́n wá, ṣùgbọ́n n kò mọ bí wọ́n ṣe ń mú oòrùn.

Kúnlé ti hewú báyìí ní Èkó, ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ohun tí a fi ń sanwó lórí fóònù. Tí kò bá sí níbi iṣẹ́, páálí ló ṣì ń dá lu. Nígbà tó wá kí mi nísọ̀ tí mo ti ń ta ọṣẹ àti iyọ̀, mo bi í ohun tó ń ṣe gan-an.

"Pródọ́ọ̀tì mánéjà ni mí, Sìsítà. Àwọn ọmọ kan ló ń ṣe é. Èmi á bi àwọn tó ń lò ó níbi tó ti ń dùn wọ́n, màá wá sọ ohun tí wọ́n máa tún ṣe."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. "Kúnlé, iṣẹ́ mi ìgbà sinimá mà nìyẹn!"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo páálí ọṣẹ, ó wo àpò iyọ̀. "Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀, Sìsítà." Ó tọwọ́ bàpò, ó fi owó sí mi lọ́wọ́.

Ọmọbìnrin tí mo jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà nígbà yẹn ì bá sọ owó náà lù ú. Èmi, ìyá ọlọ́mọ, mo ṣàdúrà fún un, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo kà á: ogún ẹgbẹ̀rún náírà.