Antibọ́dì Pọ̀ Lára Ọmọ Mi, Etí Rẹ̀ Ṣì Ń Ṣọyún

Mo pe Àjọkẹ́ ọmọ mi láti ẹ̀yìn, kò wẹ̀yìn. Mo tún pè é, kò gbọ́. Láti ìgbà tó ti ń rá ni etí rẹ̀ ti ń ṣọyún, tí òtútù àyà sì ń gbé e dé wọ́ọ̀dù. Wàyí o, etí náà ti fẹ́ di.

Nílé ìwòsàn tí à ń lọ nílùú Ọ̀yọ́, nọ́ọ̀sì kan ní ìdọ̀tí ọwọ́ mi ló fà á. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún antibọ́dì, èròjà tó ń bá kòkòrò àrùn jà. Dókítà ní ó pọ̀ rẹpẹtẹ, pé ara ọmọ le. Ọmọ tí ara rẹ̀ "le" ń jó bí iná lórí itan mi!

Nílé, ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, gbogbo ìwé tó o kà ní yunifásítì, kò sí etí ríro níbẹ̀ ni?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Ẹni tó kà á ni mò ń wá."

Mo rí i ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni dókítà náà bi mí: "Irú antibọ́dì wo ló pọ̀?" Kò sẹ́ni tó wò ó rí.

Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò: irú àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde; ó tóbi, kì í sábà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yẹ kí sẹ́ẹ̀lì gé DNA, ìlànà tó fi ń ṣe é, kó sì tún un so, kó lè ṣe irú mìíràn tó ń dé ẹ̀dọ̀fóró àti etí. Ti Àjọkẹ́ kò gé e. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń gé e. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rí ẹ́ńsáìmù tó ń yí lẹ́tà DNA padà kí gígé lè bẹ̀rẹ̀. Òun ni kò ṣiṣẹ́ lára ọmọ mi.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní irú antibọ́dì tí kò ní, èyí tí wọ́n yọ lára ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn. Abẹ́rẹ́ náà dùn ún wọra. "Màmá, ẹ ní kí wọ́n gún ẹ̀yin náà," ló máa ń wí.

Ọyún gbẹ. Etí òsì kò padà bọ̀ sípò, n ò ní parọ́. Mo gbé èsì náà padà sí Ọ̀yọ́, mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí nọ́ọ̀sì: "Ẹ wá ìdọ̀tí níbẹ̀."

Bí wọ́n bá ní antibọ́dì ọmọ yín pọ̀, ẹ bi wọ́n pé irú wo. Àwọn tí n ò mọ̀ rí ni ẹ̀jẹ̀ wọn ń gbèjà ọmọ mi. Àwọn ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kan mo pariwo pe Àjọkẹ́ láti ẹ̀yìn. Ó yíjú padà:

"Màmá, ṣé èmi ni adití?"